Ìbéèrè Tó Wà Nínú Fóònù Káfíńtà

Ẹ̀bi káfíńtà kọ́, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹ má baà dá a lẹ́jọ́ ká tó dé àárín ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kan ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé bó bá fọwọ́ pa pákó lára báyìí, yóò sọ fún ọ bóyá pákó náà máa ká bí òjò bá pa á, kí ló kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan ímeèlì? Nígbà tó ku ọ̀la kí ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ yunifásítì ni wọ́n jọ lọ ra fóònù méjì, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ọmọ. Fóònù bàbá ní àfi kí òun rí ímeèlì kí òun tó ṣí. Bàbá ní òun ò ní. Ọmọ ní kò sí wàhálà, ó bá fi tiẹ̀ sí i. Bí gbogbo ọmọ ṣe ń ṣe fún bàbá wọn nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń ro ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ọmọ yìí, Dókítà ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n sin ìyá náà tí ayùn fi gé káfíńtà ní ìka ìlábẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló wà lára igi, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọmọ náà ló fa etí aṣọ rẹ̀ ya, ó fi omi iyọ̀ fọ ojú ọgbẹ́, ó dì í, ó wá kówọ́ lé ìbàdí, ó ní kí bàbá òun má fọwọ́ kan òòlù fún ọjọ́ mẹ́ta. Káfíńtà ní, ó dáa, Dókítà. Bí orúkọ ṣe mọ́ ọmọ lára nìyẹn. Títí dòní, ìka yẹn ò ṣeé ká dáadáa.

Nígbà tí ọmọ wá dàgbà, tó ní ìmọ̀ ìṣègùn lòun fẹ́ kọ́, inú káfíńtà dùn, orí rẹ̀ wú. Ó sọ pátákó àtijọ́ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù kalẹ̀, ó gbé tuntun kọ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà sí i lára pé BÀBÁ DÓKÍTÀ, A Ń KAN ILẸ̀KÙN ÀTI FÈRÈSÉ. Mo ní ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, àbí? Ti pátákó yẹn, ẹ̀bi rẹ̀ ni díẹ̀.

Ọdún kejì ọmọ ní yunifásítì ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Káfíńtà a máa wo àwòrán ilẹ̀kùn ìgbàlódé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn oníbàárà má baà sọ pé ayé ti fi í sílẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá ti tẹ àpótí funfun tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ń wá sí, àwọn ìbéèrè kan á ti tò sábẹ́ rẹ̀, tàwọn ti àmì aago kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ èdè ilé ìwé, èdè tí káfíńtà ò gbọ́ kọjá ká fi ra ìṣó ká fi ta ilẹ̀kùn. Ó ń fò wọ́n. Àwọn tó jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ ló ń kà, ó sì gbà pé fóònù ló ń béèrè wọn. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ṣe fóònù tuntun nìyẹn, kó máa béèrè àlàáfíà olówó rẹ̀.

Fóònù béèrè lọ́jọ́ kan pé, kí ló dé tí mo ń sùn tí ara mi ò sinmi? Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó dá a lóhùn tòótọ́ tòótọ́, ó ní iṣẹ́ ni, fóònù mi, iṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀ ó tún béèrè pé, ṣé ìmẹ́lẹ́ ni àbí àìsàn, bí èèyàn ò bá lè dìde lórí ibùsùn? Ọjọ́ náà sì bọ́ sí ọjọ́ tí káfíńtà pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ fún obìnrin kan tó wá gba àpótí aṣọ pé fóònù tòun ti ń bá òun wí báyìí, pé ó kù díẹ̀ kó máa na òun. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín sí i. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rẹ́rìn-ín sí ohun tó yẹ ká sunkún lé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló tún ṣí i, tí èyí tó wà lókè pátápátá fi kà báyìí pé, báwo ni mo ṣe máa sọ fún bàbá mi tó ń pè mí ní Dókítà pé mi ò wọ kíláàsì mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?

Ó kà á. Ó gbé rándà tó fi ń fá pákó sílẹ̀. Ó nu ojú fóònù mọ́ ṣòkòtò, bóyá lẹ́búlẹ́bú igi ló ń dà á lójú rú, ó tún un kà. Gbogbo ìbéèrè tó ti fi ṣẹ̀fẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá tò wá sí i lọ́kàn níkọ̀ọ̀kan, ojú sì tì í bí ẹni pé ó dúró níhòòhò láàárín ọjà. Ọmọ òun ló ń ké, òun ń dá a lóhùn pé iṣẹ́ ni.

Ó pè é lórí fóònù kíákíá. Ohùn ọmọ já gaara. Ó ní àlàáfíà lòun wà, pé àwọn ṣe ìdánwò kékeré lánàá, òun gba méjìdínlógún nínú ogún, pé olùkọ́ àwọn kan wúkọ́ títí tó fi gbàgbé ohun tó ń kọ́ àwọn. Ó tilẹ̀ wúkọ́ bí olùkọ́ náà, kí bàbá rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Irọ́ tí wọ́n to lẹ́sẹẹsẹ báyẹn, ẹni tó ti ń pa á lọ́jọ́ pípẹ́ ló ń mọ̀ ọ́n tò. Káfíńtà fẹ́ sọ ohun tó kà. Nígbà tó máa la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "O ṣé, Dókítà." Ìgbà tí fóònù ti kú ló wá rí i pé ohun tí kò yẹ kóun sọ gan-an lòun sọ.

Onígíláàsì ló sá tọ̀. Ṣọ́ọ̀bù wọn fara kanra. Bí ọ̀kan bá kan fèrèsé tán, èkejì á gé gíláàsì sí i, ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é bọ̀. Onígíláàsì mọ̀wé, ó mọ fóònù, kò sì sí ohun tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ti ọjọ́ náà, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣàlàyé pé ímeèlì kan náà ló wà nínú fóònù méjèèjì, pé ohun tí ọmọ bá wá lọ́hùn-ún ló ń yọ sí bàbá lọ́wọ́ níbí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó jẹ́ èdè ilé ìwé, ó ń túmọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Bí ọkàn bá rẹ èèyàn, ṣé ó máa ń lọ fúnra rẹ̀? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ bá àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn ní ilé ìwé, ṣé wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú fáìlì ẹni? Ṣé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn lè di dókítà? Èyí tó kẹ́yìn yìí, ó béèrè rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rìnlá. Onígíláàsì kà wọ́n. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí èyí tó pẹ́ jù ti wà níbẹ̀, lábẹ́ ojú káfíńtà, tó ń fò ó kọjá lọ síbi àwòrán ilẹ̀kùn.

Káfíńtà béèrè bóyá fóònù dá ọmọ òun lóhùn. Onígíláàsì ní ìdáhùn pọ̀ ju ìbéèrè lọ, pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ó ṣí mélòó kan. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí èèyàn mu omi dáadáa kó sì máa rìn láàárọ̀. Ẹni kejì ní àìsàn burúkú ni, kí èèyàn má fi falẹ̀. Ẹni kẹta béèrè ìbéèrè mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni, nígbà tó sì máa parí, ìwé ló ń tà. Ẹni kẹrin fi nọ́ńbà sílẹ̀ pé kí èèyàn pe àwọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó wà lódìkejì òkun. Onígíláàsì pa á dé. Ó ní kí káfíńtà pe ọmọ rẹ̀ padà nísinsìnyí, kó sọ fún un pé òun ti mọ̀.

"Bó bá mọ̀ pé mò ń rí i, ó máa dákẹ́," ni káfíńtà wí. "Ibì kan ṣoṣo tó ti ń sọ òtítọ́ nìyí. Bí mo bá dí i, níbo ni màá ti tún gbọ́ ọ?"

Onígíláàsì dá fóònù padà sí i lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kèrègbè ló wà lọ́wọ́ káfíńtà yìí, ó ń gbọ́ bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń ró, ọwọ́ rẹ̀ ò sì wọlé.

Ó wá ronú títí, ó ní ó dáa, bí orúkọ yẹn bá ń wọ ọmọ lọ́rùn, òun á sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó tún pè é, kò pè é ní Dókítà. Ọmọ mi ló ń pè é, ọmọ mi ṣáá.

"Bàbá mi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Káfíńtà ní rárá o, ó ṣe ń béèrè? Ọmọ ní kò sí nǹkan. Wọ́n kí ara wọn pé ó dàbọ̀. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí ìbéèrè tuntun yọ pẹ̀lú àmì aago rẹ̀: kí ló lè mú kí bàbá ẹni ṣíwọ́ pípe ẹni ní orúkọ tó fún ẹni? Káfíńtà gbé orí lé orí bẹ́ńṣì tó ti ń gé igi, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Oníbàárà kan wọlé, ó rò pé ó sùn, ó yíjú padà.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó kúkú rọrùn fún àwa tó jókòó.

Ohun tó ṣe ni pé òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àpótí yìí ni ọmọ òun ti ń wá ìmọ̀, òun náà á lọ síbẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí ìṣó, ó ń fi ìka ìlábẹ̀ tí kò ká yẹn tẹ ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan, òógùn ń bọ́. Ó kọ ọ́ pé, kí ni bàbá lè sọ fún ọmọ tí kò lè dìde? Fóònù gbé àwòrán ọmọ ọwọ́ jáde, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òróró ra ẹsẹ̀ ọmọ. Ó kọ ọ́ pé, bí ìyá ọmọ bá ti kú, ta ló yẹ kó bá a sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀? Ó kọ ọ́ pé, ṣé ẹ̀bi bàbá ni? Ó kọ ọ́ pé, ṣé kí n yọ pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù mi? Fóònù fi àwọn tó ń ṣe pátákó tuntun hàn án. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ń béèrè, ọ̀sán kan ò lọ lásán. Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí ẹ̀rù bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó kọ ọ́ pé, ṣé àìsàn yìí máa ń pa èèyàn?

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìbéèrè ọmọ ò yọ mọ́. Káfíńtà tẹ àpótí títí, tirẹ̀ nìkan ló ń rí. Ó di ọjọ́ kẹfà, kò sí nǹkan. Ó pe ọmọ, wọ́n ní fóònù rẹ̀ ò lọ. Ó gbé fóònù lọ bá Onígíláàsì pé ó ti bàjẹ́, kó bá òun tún un ṣe, kí ìbéèrè lè padà wá. Onígíláàsì gbà á, ó wò ó wá sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló kọ gbogbo èyí?"

"Èmi ni."

"Ọ̀rẹ́ mi, bí o ṣe ń rí tiẹ̀ náà ló ń rí tìẹ."

Káfíńtà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. Ìgbà tó yé e, ó fi ọwọ́ di férémù fèrèsé tó wà nítòsí mú. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tó kọ tí kò rántí. Ti pátákó. Ti ìyá ọmọ. Èyí tó kẹ́yìn ló sì dúró sí i lọ́kàn jù, ìbéèrè ikú tó fi ìka òun kọ síbi tí ọmọ òun á ti kà á, lórí ibùsùn tí kò ti lè dìde. Onígíláàsì ní kó má wulẹ̀ dúró, kó máa lọ. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù méjèèjì fúnra rẹ̀, ó sìn ín dé ibi tí ọkọ̀ wà.

Wákàtí mẹ́rin ni ọkọ̀ fi rìn. Àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó kàn mọ̀ pé láti ọgbọ̀n ọdún kò tíì jáde láìgbé e rí. Àpò yẹn ló sì mú un wọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ń gbé. Wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin kọjá ẹnu ọ̀nà, bàbá o, ẹ̀gbọ́n o. Ṣùgbọ́n bí ìyá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣe rí orí ayùn tó yọ láti inú àpò, ó ní ẹ ẹ̀ tètè wá, láti oṣù mẹ́ta la ti kọ̀wé pé kí wọ́n fún wa ní káfíńtà. Ó fún un ní ìwé tí nọ́ńbà yàrá méje wà nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn tó ṣubú, ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì. Káfíńtà la ẹnu láti ṣàlàyé, ó tún pa á dé, ó gba ìwé, ó wọlé. Yàrá ọmọ rẹ̀ ò sí lára méje náà. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ń tì dáadáa.

Ọmọbìnrin kan jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tòun ti ìwé lórí ẹsẹ̀. Òun ni wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ó kúnlẹ̀ kí káfíńtà nígbà tó mọ ẹni tó jẹ́, ó sì sọ ohun tó mọ̀ fún un. Ó ti di ọjọ́ kẹta tí ọ̀rẹ́ òun ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Òun ń gbé búrẹ́dì àti omi síbi ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣí i díẹ̀, ó ń mú un. Ó dá òun lóhùn láàárọ̀ yìí pé òun ò tíì ṣe tán láti jáde. Òun ti lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwé, nọ́ọ̀sì ní òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ń bọ̀ tó bá di ọ̀sán. Ọ̀sán sì ti fẹ́ẹ̀ lọ tán. Ọmọbìnrin náà ní kí bàbá dúró, òun ń lọ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó sáré lọ.

Káfíńtà kan ilẹ̀kùn. Ó ní, èmi ni. Ó gbọ́ tí ibùsùn dún. Ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Omi bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó fi apá aṣọ nù ún.

Ó wo ilẹ̀kùn náà. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ìta ni wọ́n kan ínjìsì, irin tó so ó mọ́ férémù, sí, sùkúrù mẹ́ta mẹ́ta ló sì gbé e dúró. Ẹni tó kàn án ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú méjì ló máa gbà á láti gbé e kúrò lódindi. Ó yọ irin tó fi ń tú sùkúrù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àkọ́kọ́, ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó tú. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Ó ti ṣílẹ̀kùn fún àìmọye ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, kò ṣí i rí fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ti ara rẹ̀ mọ́lé. Bí ilẹ̀kùn bá wálẹ̀ tán, kí ló kàn? Á dúró síwájú ọmọ rẹ̀ tòun ti irin lọ́wọ́, kò sì ní í rí nǹkan sọ, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe rí nǹkan sọ lórí fóònù.

Ó fi ẹnu sún mọ́ ibi tí pákó ti là díẹ̀.

"Ìka mi ni mo tìtorí rẹ̀ pè ọ́ ní Dókítà," ló wí. "O di ọgbẹ́ mi, ó san. Mi ò sọ pé kí o lọ tọ́jú ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn ìyẹn."

Kò mọ̀ bóyá ọmọ gbọ́. Bóyá ó fi aṣọ borí, bóyá ọ̀rọ̀ náà ò tó nǹkan, bóyá ó ti pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì ò dé, ọmọbìnrin tó lọ pè é náà ò tíì padà. Ó fa fóònù yọ, kò sì mọ ẹlòmíràn tí ì bá bi, ó tẹ àpótí funfun yẹn, ó fi ìka tí kò ká kọ ọ́ pé, kí ni kí n ṣe?

Fóònù gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdáhùn jáde. Kò ka ìkankan. Ó pa á, ó ṣí i, ó tún àpótí tẹ̀, ó rí ìbéèrè ara rẹ̀ tòun ti àmì aago. Ó tún pa á, ó dúró díẹ̀, ó tún un ṣí. Ìlà tuntun kan ti wà lórí tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́:

Ẹ má ṣí i. Ẹ má lọ.

Káfíńtà kà á. Ó dá sùkúrù tó ti tú padà, ó yí i títí ó fi mú. Ó gbé àpò irinṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sílẹ̀.